Orúkọ Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Àwòrán: Àwọn Tagalog àti Èbúté Manila Lójú Bàbà Fífín

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ẹ kú òtútù tó wà níta yẹn náà.

Kí n tó gbé àwòrán kankan sójú ògiri, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe mú mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ya ọjà ọjọ́ Àìkú kan níhìn-ín ní London, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Bàbá kan kó ìwé àtijọ́ kún inú páálí. Mo fa ewé kan yọ níbẹ̀: obìnrin kan tó ró aṣọ onílà, sìgá tó tó ìka méjì lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ Manila sábẹ́ rẹ̀. Bàbá yẹn ní ó ti pẹ́ gan-an, ó ní àwọ̀ tí mò ń wò yẹn ni àwọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ná an títí, mo san pọ́n-ùn méjìlá. Mo délé, mo fi àtàǹpàkò tó lọ́rinrin nu etí ìró obìnrin náà, ni pupa bá bá mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ti jókòó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, bóyá nínú oṣù tó ṣáájú.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, ìbéèrè kan gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ìbínú: ọwọ́ mélòó ló ti kọjá lára obìnrin yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi? Ẹnì kan rí i, tàbí ó ní òun rí i. Ẹnì kan yà á. Ẹlòmíràn fín in. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan gé e kúrò nínú ìwé, ẹnì kan sì kùn ún láti fi gba owó lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo wọn, ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni mo bá wá lálẹ́ òní.

Filipínì ni à ń sọ, àwọn erékùṣù tó wà lójú òkun tó kọjú sí Ṣáínà. Àwọn Tagalog ló ni ilẹ̀ àyíká Manila. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ ni pé taga àti ilog ló para pọ̀ di orúkọ wọn: taga ni ará, ilog ni odò. Ará odò. Odò Pasig ló la àárín Manila já sínú òkun. Kí òyìnbó tó dé, ìjòyè ńlá ti wà níbẹ̀: Sulayman ní Manila, Lakandula ní Tondo, ní òdìkejì omi. Ní 1571 ni Miguel López de Legazpi gba ìlú náà fún ọba Sípéènì. Ọjà ni wọ́n bá níbẹ̀, ọjà náà ni wọ́n sì sọ di tiwọn. Láti 1565 títí di 1815, ọkọ̀ ńláńlá ń ná òkun láàárín Filipínì àti Acapulco ní Mẹ́síkò. Ṣẹ́dà àti àwo Ṣáínà ń lọ, fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń bọ̀. Odindi 250 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ fífín yìí díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà kò ní mọ ohun tó ń wò. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ti mọ ìdajì rẹ̀. Oníṣẹ́ á mú pẹlẹbẹ bàbà tí wọ́n ti yọ́ títí tó fi ń dán bíi dígí. Irin kékeré kan ni irinṣẹ́ rẹ̀, ẹnu irin náà mú, ìdí rẹ̀ sì wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣinṣin. Kì í fà á, ńṣe ló ń tì í síwájú. Tí ilà bá fẹ́ kọrí síbòmíràn, bàbà ni yóò yí sábẹ́ irin. Ọwọ́ kò ní kúrò lójú kan. Bàbà á máa hó jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Tó bá fín in tán, á fi yíǹkì pa gbogbo ojú rẹ̀, á tún nù ún mọ́, kìkì èyí tó ti wọnú ilà ni yóò kù. Á wá fi ìwé tó ti rẹ sómi lé e lórí, á tì í gba àárín òpó méjì tó ń yí nínú ẹ̀rọ.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí igbá ni pé òdì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún lójú bàbà, apá òsì ló máa bọ́ sí lójú ìwé. Lẹ́tà gan-an, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí òǹfín kan bá wá ń da àwòrán ẹlòmíràn kọ, tí kò kọ́kọ́ yí i padà, ayé inú rẹ̀ á dojú rú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn nínú àwòrán wọ̀nyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì na idà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gba owó. Ẹ má bá wọn wí. Ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn dára, ẹni tó fín wọn ló ń kánjú.

Ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀. Lápá òsì, ẹ ó rí orúkọ kan tí wọ́n kọ del. tẹ̀ lé: ẹni tó yà á nìyẹn. Lápá ọ̀tún, orúkọ mìíràn pẹ̀lú sc. tàbí sculp.: òun ló fín in. Látìnì ni. Ẹni àkọ́kọ́ lè ti dé Manila lóòótọ́. Ẹni kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, kò jáde kúrò ní Paris tàbí Amsterdam rí láyé rẹ̀. Kò mọ bí ewé àgbọn ṣe ń sùn sẹ́yìn nínú ìjì, kò mọ bí ìró ṣe ń jókòó sí ìdí obìnrin ibẹ̀, ó ń fi ti ilé rẹ̀ dí i. Ẹ wo ojú àwọn Tagalog nínú ìwé ìrìn àjò àtijọ́, ẹ ó rí Gíríìkì tí wọ́n wé láṣọ. Nǹkan kan náà ni wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn wa ní Brazil, nígbà tí àwọn ayàwòrán òyìnbó méjì, Rugendas àti Debret, gbé àwòrán àwọn ẹrú Rio lọ sí Yúróòpù: wọ́n lẹ orúkọ ẹ̀yà mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan, Mina, Congo, Benguela, bí ẹni tó ń lẹ orúkọ mọ́ ìgò oògùn.

Ìdílé De Bry ní Frankfurt ló lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí láyé àtijọ́. Theodor de Bry kò fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà, kò fẹsẹ̀ tẹ Éṣíà, títí tó fi kú ní 1598, síbẹ̀ àwòrán tirẹ̀ ni Yúróòpù fi mọ ibi púpọ̀ láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbé ìrìn àjò Olivier van Noort ará Họ́láńdì jáde, ọkùnrin tí òun àti ọkọ̀ Sípéènì tó ń jẹ́ San Diego kọlura lẹ́nu ọ̀nà omi Manila ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún 1600. San Diego rì. Nínú àwòrán ìjà náà, orí ènìyàn ló kún ojú omi, kékeré-kékeré bí èso tó bọ́ sódò, gbogbo wọn rí bákan náà. Ó di 1991 kí Franck Goddio, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ọkọ̀ tó rì, tó bá ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun, nítòsí Fortune Island. Ohun tó jáde níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ju àwòrán lọ: àwo aláwọ̀ búlúù ti Ṣáínà, ìkòkò amọ̀, ìbọn ńlá, pẹ̀lú irin ìdí idà àwọn ará Jàpáànù, nítorí àwọn ará Jàpáànù tó ń jagun gbowó wà nínú ọkọ̀ náà. Òǹfín Yúróòpù kò ní àyè fún ìyẹn. Orí lásán ló fín.

Antonio de Morga tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà yè é. Ó kọ ìwé lórí Filipínì, tó jáde ní Mẹ́síkò ní 1609. Ìwé yẹn kan náà ni José Rizal, ọmọ Tagalog láti Calamba, wá jókòó tì ní British Museum níhìn-ín ní London, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, tó sì tẹ̀ jáde ní Paris ní 1890. Ó fi àlàyé tirẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìwé, ibi tí Morga bá ti ṣi àwọn baba rẹ̀ mọ̀, á tún un ṣe. Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ ìwé náà ni òun náà gbà wọlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó mú mi wá síbí sójú ògiri. Ẹ wo ó dáadáa.

Máàpù ni. Ní 1733, Felipe V ọba Sípéènì ní kí wọ́n ya gbogbo erékùṣù náà fún òun. Gómìnà Fernando Valdés Tamón gbé iṣẹ́ náà fún Pedro Murillo Velarde, àlùfáà Àgùdà nínú ẹgbẹ́ Jésúìtì. Ní 1734 ó jáde, ní Manila gan-an. Ó tóbi, òró rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ ju mítà kan lọ. Ilẹ̀ àti omi wà láàárín, ọkọ̀ ń rìn lójú òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ wò. Àpótí àwòrán méjìlá ló tò síbẹ̀, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Àwọn kan jẹ́ ti ibùdó: Manila, èbúté Cavite, Zamboanga, Guam. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti ènìyàn.

Irú ènìyàn wo? Gbogbo ẹni tí èbúté lè kó jọ. Ará Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní Sangley, àwọn tó ń ta ṣẹ́dà ní Parian, àdúgbò tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú. Ará Jàpáànù. Ará Armenia. Ará Malabar láti Íńdíà. Ọmọ Sípéènì. Àwọn Aeta tó ń gbé inú igbó. Ẹni tó ń fi ẹfọ̀n omi túlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó da àkùkọ síra wọn kó jà náà wà níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ Cafres sí lábẹ́ ni kí ẹ dúró tì díẹ̀. Adúláwọ̀ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn Potogí ti gbé e, inú rẹ̀ náà ni kèfèrí tí àwa ń sọ nílé ti jáde. Àwọn Potogí ló ń kó wọn gba Íńdíà wá tà ní Manila. N kò ní pa á mọ́ra pé ọmọ Oòduà ni wọ́n o. Etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, lápá Mozambique, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù Filipínì, ara mi bù máṣọ. Nínú ìtàn òwò ẹrú tí wọ́n kọ́ mi níléèwé, Atlantic nìkan ni òkun tó wà.

Ẹ wá sún mọ́ ìsàlẹ̀. Orúkọ méjì. Francisco Suárez, ẹni tó ya àwọn àwòrán ẹ̀gbẹ́. Nicolás de la Cruz Bagay, ẹni tó fín máàpù. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ méjì ti àwọn orúkọ náà: Indio Tagalo.

Indio kì í ṣe oyè. Orúkọ tí ìjọba Sípéènì fi ń pe ọmọ onílẹ̀ ni, òun ló ń sọ iye ìṣákọ́lẹ̀ tó máa san àti iṣẹ́ ọba tó máa ṣe. Ó lè jẹ́ pé àlùfáà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láti fi ṣe fáàrí fún ọba pé ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ibí lè ṣe. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ nìkan ni. Bagay jókòó ti bàbà yẹn fún ọjọ́ gbọọrọ. Ó fín orúkọ ìlú, orúkọ odò, orúkọ àpáta abẹ́ omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òdì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn láti ẹ̀yìn wá. Nígbà tó kan orúkọ tirẹ̀, ó fín òun náà ní òdì. O-l-a-g-a-T, láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi irin fa ọ̀rọ̀ kan lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, ó mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù yẹn, láti ọmọ Sípéènì dé Sangley, ọmọ Tagalog ló wò wọ́n, ọmọ Tagalog ló fín wọn. Àwọn tí Yúróòpù máa ń sọ di ohun àwòrán ló di irin mú níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn àpáta abẹ́ omi tó fín, Panacot ló kọ sí i. Lédè Tagalog, ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani ni. Ibẹ̀ ni òyìnbó ń pè ní Scarborough Shoal lónìí, òun ni Filipínì àti Ṣáínà ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Filipínì gbé Ṣáínà lọ sílé ẹjọ́ ní The Hague, tí ìdájọ́ sì jáde ní 2016, máàpù yìí wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ti di títà ní London ní 2014, oníṣòwò ọmọ Filipínì kan ló rà á ní pọ́n-ùn 170,500. Ẹ rántí pé pọ́n-ùn méjìlá ni tèmi. Nígbà tí wọ́n tún tẹ máàpù náà ní kékeré ní 1744, Bagay kan náà ló fín in, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ gbogbo èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ó rọrùn láti kó sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwòrán èbúté kì í fẹ́ fi hàn ni ẹni tó kan ọkọ̀. Cavite ni wọ́n ti ń kan púpọ̀ nínú ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn. Ọkùnrin ilẹ̀ náà, láti ọmọ ọdún 16 dé 60, gbọ́dọ̀ fi 40 ọjọ́ lọ́dún ṣe iṣẹ́ ọba. Igi gígé nínú igbó ló burú jù níbẹ̀. Ní 1660, àwọn ará Pampanga tó jẹ́ aládùúgbò Tagalog fárígá lórí igi gígé tí wọn kò sanwó rẹ̀, Francisco Maniago ló ṣáájú wọn. Ẹ wá ọjọ́ yẹn lọ nínú àwòrán fífín, ẹ ò ní rí i. Ní 1603, wọ́n pa àwọn ará Ṣáínà tó ju 15,000 lọ ní Manila àti agbègbè rẹ̀. Lójú àwòrán, Sangley kàn dúró síbẹ̀, ó wọṣọ, ó wo iwájú.

Àwọn atukọ̀ Tagalog náà ní tiwọn. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni àlọ sí Acapulco, òtútù ń pa wọ́n, owó wọn kò tó ti ọmọ Sípéènì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ọ̀hún, wọn ò padà mọ́. Ní 1619, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Sebastián de Pineda kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n lọ́dọ̀ ọba: nínú 75 ọmọ ilẹ̀ tó bá ọkọ̀ Espíritu Santo lọ ní ọdún tó ṣáájú, kò ju márùn-ún lọ tó padà bọ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe ní Mẹ́síkò? Ẹmu ni! Wọ́n ń dá ẹmu àgbọn bíi ti ilé wọn, wọ́n sì ń pọn ọn di ọtí líle, bí àwa ṣe ń pọn ògógóró. Ẹ̀sùn Pineda ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò ní í ra ọtí Sípéènì mọ́. Ó ní kí ọba lé gbogbo wọn padà sílé, kí wọ́n sì dáná sun igbá tí wọ́n fi ń dá a. Títí dònìí, ẹmu àgbọn ṣì wà ní Colima ní Mẹ́síkò, tuba ni wọ́n ń pè é, orúkọ Filipínì gan-an.

Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1834, wọ́n ṣí èbúté Manila sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì rọ́ wọlé, gbogbo wọn sì ń fẹ́ ohun tí wọ́n máa mú relé fi han ìyàwó. Ẹni tó mọ ọjà yẹn jù ni Damián Domingo, ọmọ Tondo. Ó ń fi omi àwọ̀ ya ènìyàn ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń ta wàrà, ìyàwó olóyè, ọ̀dọ́kùnrin tó dé salakot, akẹ̀tẹ̀ ilẹ̀ wọn, àwọn ìyá tó wọ aṣọ tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó hun. Oníṣòwò ará Íńdíà kan, Rafael Daniel Baboom, ra púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí oníṣẹ́ ará Canton kan tó ń jẹ́ Tingqua ń da irú rẹ̀ kọ ní Ṣáínà. Àwọn òyìnbó gbé ti Domingo àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e lọ sílé, wọ́n fín in sínú ìwé tiwọn, obìnrin Manila di ará gbogbo ayé láìkúrò ní Manila.

Ẹ̀yin tó ti rí ẹ̀wù àwọn ọkùnrin nínú àwòrán wọ̀nyí, èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọn kì í kì bọ ṣòkòtò, ẹ ti lè gbọ́ pé Sípéènì ló fi òfin dè wọ́n kí wọ́n má bàa fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú. Itọ́ ni wọ́n fi mọ ilé yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì mú irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tó gbóná ni, aṣọ tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀. Olówó wọn náà wọ̀ ọ́.

Obìnrin mi tó ń mu sìgá wá ńkọ́? Láti 1782 títí di 1882, ìjọba nìkan ló ni òwò tábà ní Filipínì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ń wé sìgá ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Manila. Gbogbo òyìnbó tó bá dé ló ń kọ ọ́ sílé pé obìnrin ń mu sìgá, bí ẹni pé ìran ni. Kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n fín obìnrin tó ń wé e, ìlà gígùn wọn lórí ìjókòó, látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bagay, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ bi mí bó ṣe parí. Ó di ẹni tó ń darí ilé ìtẹ̀wé àwọn Jésúìtì ní Manila. Ìwé ìtàn tí Murillo Velarde kọ, tó jáde ní 1749, òun ló tẹ̀ ẹ́. Ní 1754, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Tagalog ńlá tí àwọn àlùfáà méjì, Noceda àti Sanlúcar, kó jọ, èdè ìyá rẹ̀ láti A lọ. Ó fi 89 ọdún ṣáájú èyí tí Crowther wa kọ́kọ́ ṣe fún Yorùbá ní 1843. Mo ní àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ níbí. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Indio Tagalo ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà níwájú orúkọ náà, D àti àmì ìdánudúró, oyè ọlá àwọn ará Sípéènì: Don Nicolás de la Cruz Bagay.

Mo ti gbé ewé ọjà mi sórí tábìlì lápá ibẹ̀ yẹn, pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ẹ wá wò ó fúnra yín, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ráyè ka orúkọ tó wà lápá ọ̀tún, mo ti gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ tútù kàn án. Ó ṣì ń já.